Ẹ Kú Òní

Inú báàgì iṣẹ́ ni mo ń fi í pamọ́ sí,
nínú ìgò omi tí ọmọ mi ń gbé lọ síléèwé rí,
àwòrán erin ṣì wà lára rẹ̀.
Fódíkà kì í rùn, wọ́n ní.
Irọ́ ni. Ìyá arúgbó tí mo ń wẹ̀ fún lóru,
tí kò rántí orúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́,
ó gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́nu mi, ó ní:
"Bàbá mi náà máa ń rùn báyìí."

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ àdírẹ́sì náà sẹ́yìn rìsíìtì,
ó ká a kéékèèké, ó tẹ̀ ẹ́ sí mi lọ́wọ́
bí ẹni fún ọmọdé lówó ọdún.
Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn òpópónà Hessle,
aago méje alẹ́, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, n kò ṣẹ́gun nǹkan kan.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀
bí ẹni ń wá ilé ẹlòmíràn,
afẹ́fẹ́ odò Humber ń gbá mi létí.
Ìṣẹ́gun kejì, mo ti ilẹ̀kùn, kò ṣí.
Bébà kan lẹ̀ mọ́ ọn: wọ́n ti sún un sí Ọjọ́bọ̀,
òkè ilé ìkàwé àtijọ́.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ẹ ò rí i, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi.
Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù igun.
Ẹ má bi mí ní ohun tí mo rà.

Lọ́jọ́bọ̀, òjò ló lé mi wọlé, kì í ṣe ìgboyà.
Àga oníke mọ́kànlá,
kẹ́tùlù tó ń mí hẹlẹhẹlẹ,
bísíkíìtì tí afẹ́fẹ́ ti rọ̀.
Maureen tó ń bu tíì kò wojú mi,
ó kàn ní: "Ṣúgà mélòó?"
Mélòó! Ìbéèrè tí mo ti ń sá fún lọ́dún mẹ́fà:
mélòó lo mu, mélòó ló kù nínú ìgò.
Mo ní méjì. Òtítọ́ ni.

Clive, apẹja àtijọ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.
Òkun gba ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀,
ọtí gba ilé, gba ìyàwó, gba eyín iwájú.
Ó ní òkun lòun ti dárí jì.

Nílé wa, kí o tó fìdí kalẹ̀ wọ́n á bi ọ́:
ọmọ ta ni, ará ibo, agbo ilé wo?
Níbí, orúkọ kan ṣoṣo.
Mo bọ́ ìyókù sẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà tó tutù.
"Ìbídùn lorúkọ mi."
Ìbí ni bàbá mi pè é;
ibi ni ẹnu wọn ń pè.
N kò bá wọn jà.
Ibi náà ti dùn lẹ́nu mi rí.

Mo gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin:
Alàgbà Adéfioyè, lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé,
tó ń gbé igbá ọrẹ káàkiri ní ìjọ wa.
Ó wo bàtà rẹ̀. Mo wo tíì mi.

A tún pàdé nídìí bọ́ọ̀sì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fóònù funfun tí ẹnikẹ́ni kì í lò mọ́.
Ó wúkọ́. Mo mọ̀ pé ìkíni ló ń wá.
Èdè tó ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù,
ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu ọmọ,
kí ló ní fún ẹni méjì tó ti ibẹ̀ yẹn bọ̀?
Iná bọ́ọ̀sì ti yọ lókèèrè
kó tó rí i.
"Ẹ kú òní o."
Ó rọra gbé e kalẹ̀, bí ẹni ń fẹsẹ̀ dán yìnyín wò.
"Ẹ kú òní, sà."

Ó ní kí n kọ́kọ́ wọlé.
A jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.