Báwo Lẹ Ṣe Ń Ṣubú?

Lọ́jọ́ tí mo yọ̀ ní balùwẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi rọ́,
mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù, mo ka ọjọ́ orí mi:
mọ́kànléláàádọ́ta.
Oṣù mẹ́ta ni ọwọ́ náà fi so mọ́ mi láyà.
Nígbà tí wọ́n tú u, mo ní, ara yìí, màá wá olùkọ́ fún ọ.

Ìsọ̀kun ni mo kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
Kàrátè. Ọ̀gá Ìlésanmí ń ka ení, èjì lédè Jàpáànù,
ogún ọmọkùnrin ń fi ìkúùkù gún atẹ́gùn
bí ẹni ń gún èlùbọ́.
Wọ́n lóṣòó, itan wọn ń gbọ̀n,
ẹ̀rín sì pa mí: bàbá bàbá mi rèé!
Bó ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè nìyẹn
láyé òṣómàáló, ẹrù aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
kò ní dìde àfi bówó bá pé.
Kò sì sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fẹ́nì kan.
Ọ̀gá fi ọwọ́ la pákó mẹ́ta.
Mo béèrè ẹni tó ra pákó.
"Àwọn ọmọ ni, mà."
Mo ní wọ́n kú iṣẹ́.

Adétì ńkọ́? Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ilé ìtajà táyà,
dígí láti ògiri dé ògiri, aṣọ funfun tí kò tíì fojú kan ọṣẹ.
Wọ́n ti fi ìwé iye owó lé mi lọ́wọ́ kí n tó jókòó:
bẹ́líìtì yẹ́lò, iye báyìí; búlúù, iye báyìí;
dúdú, oṣù mẹ́wàá, "bí owó bá ti wọlé."
Ẹsẹ̀ wọn ga lóòótọ́, ó ga ju gèlè mi lọ.
Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀, ó di imú mú,
ẹ̀jẹ̀ ń kán sára bẹ́líìtì yẹ́lò,
gbogbo wọn sì kọjú sí dígí.
Mo fún un ní áńkáṣíìfù mi. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ìkẹta ò ní pátákó. Ọlọ́kadà ló mọ̀ ọ́n,
ní Ìmọ̀, nínú ilé tí wọn ò tíì kàn lórùlé tán,
ìyẹ̀ pákó tí wọ́n tẹ́, tapólì lórí rẹ̀.
Ọmọ mẹ́fà, àti Ojúọlápé, obìnrin kúkúrú
tó ń gé èékánná ọ̀kan nínú wọn.
Kò béèrè owó. Kò béèrè ẹni tó ń lépa mi.
Ó wo ọrùn ọwọ́ mi tí kò tọ́ mọ́, ó ní,
"Báwo lẹ ṣe ń ṣubú?"

Èmi tí mo ti ń ṣubú láti kékeré!
Nígbà tiwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, wọ́n ti dá a nìyẹn,
kó gbọn iyanrìn nù, kó máa lọlé.
Níbí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.
Mo wó lulẹ̀ bí àpò gàrí tó já lẹ́yìn ọkọ̀.
Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan bẹ̀rẹ̀ létí mi:
"Mà, ẹ má fọwọ́ ti ilẹ̀.
Ilẹ̀ ò ní sún. Ẹ gbá a létí ni."

Mo gbá ilẹ̀ Iléṣà létí lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógún.
Ó dún pàà.

Ìbírónkẹ́ ọmọ mi pè láti Àkúrẹ́,
ó rí ìgbọ̀nwọ́ mi lójú fóònù: "Màámi, kí ló ṣe yín?"
Mo ní mo ṣubú ni.
Ó pariwo. Mo jẹ́ kó pariwo tán.
Mo ní, mo tún máa ṣubú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.