Sátidé Kejì Oṣù, ní Ẹ̀pẹ́

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ka kòkòrò ibà lórí gíláàsì,
nínú yàrá tóóró kan lẹ́yìn ọsibítù.
"Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀ o," làwọn aláìsàn ń kí mi.
N kì í jiyàn mọ́.
Ta ni yóò dúró gbọ́ pé ojú tèmi
ló kọ́kọ́ rí ohun tó ń gbọ̀n ọ́n lóru?

Mojírádé ló fà mí lọ́wọ́ lọ,
tíṣà físíìsì tí ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo iléèwé.
"Máa bọ̀. A ò pọ̀, ṣùgbọ́n a wà."
Kíláàsì kan ni, ní Òkè Balógun,
àga àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Obìnrin mọ́kànlá, míìtì-páì tó ti tutù,
àti ìwé kan tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí:
Orúkọ. Iṣẹ́. Nọ́ńbà fóònù.
Mo fo ìlà tèmi. Mo ní bíró mi ti gbẹ.

Ọ̀rẹ́nìkẹ́ ń yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ́lé sí i;
àwọn bíríkìlà ṣì ń bi í pé ọ̀gá rẹ̀ dà.
Simbíátù ń po oògùn.
Adétóún gboyè nínú kẹ́mísìrì, ike ló ń tà,
síbẹ̀ ó ń ka haidirójìn, hílíọ́mù, lítíọ́mù
bí ìyàwó àárọ̀ tó ń ki ọkọ.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé béèrè owó ẹ̀kọ́
nígbà tí ìyá kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà,
abọ́ rọ́bà lọ́wọ́, omi ọ̀sà ń kán tó tó tó.
Ẹja inú rẹ̀ lanu sílẹ̀.
"Wọ́n ní ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ mọ̀wé ń pàdé níbí.
Kí ló pa wọ́n?"

Kẹ́kẹ́ pa.
Ojú ti gbogbo ìwé-ẹ̀rí wa.

Adétóún ló kọ́kọ́ dìde: "Ìgbà wo lẹ rí wọn?"
"Ìdájí. Àwọn tó kù ń yọ ẹnu sókè bí ẹni fẹ́ rojọ́."
"Omi ńkọ́?"
"Iyọ̀ rẹ̀ ti dín. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọbẹ̀ ilá àná.
Ojúoró tí wọ́n ní ó ń lékè omi yẹn,
ó ti lékè jù."

Mojírádé ń kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kì ń ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.
Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi náà ti nàró:
"Ẹ jẹ́ n mú méjì. Awò tó ń sọ ìdun di màlúù
ń bẹ lọ́dọ̀ mi ní ọsibítù."
Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú omi, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Simbíátù mọ ẹnì kan ní Yàbá,
ẹni Yàbá mọ ẹnì kan ní Àgbádárìgì;
fóònù ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́
bí ọmọ tuntun níjọ́ ìkómọ.

A ò rí ìdáhùn lọ́jọ́ náà. N ò ní purọ́ fún yín.
Iná lọ, òórùn ẹja gba kíláàsì,
Ọ̀rẹ́nìkẹ́ sáré lọ bì sẹ́yìn ilé:
oyún oṣù mẹ́ta, àwa la kọ́kọ́ gbọ́.

Nígbà tí ìyá fẹ́ máa lọ, Mojírádé na ìwé sí i.
"Ẹ bá mi kọ ọ́. Munirátù Ajíṣefínní."
"Iṣẹ́ yín ńkọ́, mà?"
A rò pé yóò ní ẹja lòun ń yan.
"Mo ń wo omi," ló wí. "Ó ti tó ogójì ọdún."
Mojírádé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mo gba bíró lọ́wọ́ rẹ̀,
mo padà sórí ìlà tí mo fò,
mo kọ orúkọ mi, mo kọ ọ́ síwájú rẹ̀:
Mo ń wo ẹ̀jẹ̀.

Ẹja méjì nínú ọ̀rá, mo gun ọ̀kadà.
"Nọ́ọ̀sì," ọlọ́kadà ní, "ṣé ẹja ọbẹ̀ nìyẹn?"
Mo ní rárá.
Mo ní rárá sí méjèèjì.