Pátákó Ẹnu Géètì

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Láníhùn ti kun pátákó náà,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni òjò Òṣogbo ti fọ̀ ọ́.
Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń bọ̀ láti Òkè-Fìà,
mo rí i: lábẹ́ YUNIFÁSÍTÌ pupa fòò,
KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ àtijọ́ tún yọjú,
bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ sùn
tó ń yọjú wo àlejò lẹ́yìn aṣọ ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kan ṣoṣo nìjọba fi buwọ́ lùwé.
Ọjọ́ kan! Èmi ni wọ́n wá ní kí n sọ ọ́ di òótọ́
fún odindi ọdún márùn-ún,
pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan tó ń húkọ́ bí arúgbó
àti owó oṣù tó ń pẹ́ lọ́nà ju ọkọ̀ ojú irin lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Olátẹ́jú, tó ti kọ́ni ní ìṣirò fọ́dún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n,
wọlé, kò jókòó. Ó di fìlà rẹ̀ mú.
"Ọ̀gá, wọ́n ní ẹni tí kò bá gboyè ọ̀mọ̀wé á lọ.
Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.
Ta ni n ó wá máa pè ní tíṣà mi?"
Mi ò rí èsì. Mo bu omi fún un.
Ó mu ún tán, ó dá kọ́ọ̀bù padà, ó ní ẹ ṣé.

Ìgbìmọ̀ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.
Wọ́n ní ká ti ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà pa:
akẹ́kọ̀ọ́ méje, olùkọ́ mẹ́rin, ìkòkò aró mẹ́jọ;
kọ̀ǹpútà ni kó wọbẹ̀.
Wọn ò parọ́. A nílò kọ̀ǹpútà.
Mo gbé bírò láti buwọ́ lù ú,
ọwọ́ mi kọ̀.

Aláró ni ìyá mi, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
títí èékánná rẹ̀ fi gbàgbé àwọ̀ tí wọ́n bá wáyé.
Bí mo bá ń kánjú, á ní:
"Fà á yọ, jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ.
Inú ìkòkò kọ́ laró ti ń dú, ọmọ yìí,
ìta ni."
Lóòótọ́, aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé tútù,
á wá máa yí padà lójú wa,
wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, títí á fi dú.
Ẹni tó bá fìbínú rì í mọ́lẹ̀,
àkísà ni yóò sá sórí okùn.

Mo gbé bírò kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ sùn.
Inú bí akápò. Ó ní àánú kì í san gbèsè.
Òdodo ló sọ;
mi ò tíì mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́bọ̀, mo rí Olátẹ́jú lórí ìlà ìforúkọsílẹ̀,
láàárín àwọn tó kọ́ ní ìsọdipúpọ̀,
fáìlì lábẹ́ abíyá, ó ń làágùn.
Mo kúnlẹ̀ kí i.
Ìlà náà dákẹ́ fẹ́ẹ́.

Láníhùn pè mí nírọ̀lẹ́:
"Màmá, ṣé kí n fi irin họ orúkọ àtijọ́ yẹn dànù?"
Mo ní rárá o, kó fọ̀ ọ́ ná, kó jẹ́ kó gbẹ,
ẹ̀ẹ̀rùn ò ní pẹ́ dé.
Àwọn òbí tó ń ti Ìkìrun bọ̀
Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ṣì ń bi ọlọ́kadà,
wọ́n sì ń débí.