Ìlà Ẹfun

Ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn àká,
Ṣólàrù bàbá mi a máa fi ẹfun fa ìlà
lọ́jọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀:
Ẹrẹ́nà, Ẹrẹ́nà, Ẹrẹ́nà,
wọ́n tò gbọọrọ bí ọmọ àgbàdo lára ṣùkù.

Tèmi ń rìn bí ọ̀mùtí.
Igbe. Èbìbí. Lọ́dún èṣí, ìlà méjì:
ó rọ̀, mo gbin àgbàdo,
ó ṣíwọ́ fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún,
àparò wá hú gbogbo rẹ̀ jẹ.
Ìgbà tó padà, ó gbá ebè ẹ̀gẹ́ mi
lọ fún Odò Ògùn, kò tọrọ gáfárà.

Lónìí, Mofẹ́wà ọmọ mi ní,
"Bàbá, ṣé ẹfun ti tán ni?"

Ẹfun ò tán.
Òógùn àtẹ́lẹwọ́ mi ló ń yọ́ ọ.