Kí Ọyẹ́ Tó Wọ Inú Páìpù

Ọyẹ́ dé Ìsánlú láàárọ̀ àná.
Ètè àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń là,
òkè ẹ̀yìn ilé wa ti fi ìkùukùu bojú,
mo sì mú sípánà bàbá mi,
mo dojú kọ ilé ẹlẹ́sẹ̀ rọ́bà lábẹ́ máńgòrò.
Ọdún kìn-ín-ní rèé tí n óò dá a ṣe.

Lọ́wọ́ àwọn tó da ọ̀dà sí títì ló ti rà á,
nígbà tí iṣẹ́ wọn parí, tí wọ́n ń ta àfọ́kù ta odidi:
ilé onírin, táyà méjì, fèrèsé bí ojú ológbò,
bẹ́ẹ̀dì kan, síńkì kan, táǹkì kan lábẹ́ ikùn.
Irú ilé bẹ́ẹ̀ ló fi ọdún mẹ́tàdínlógún tún ṣe
ní ìlú tí omi ti ń di òkúta.

Gbogbo àdúgbò ló fi í rẹ́rìn-ín.
"Okun o, Bàbá Méṣekò! Yìnyín wo ló ń bọ̀ n'Ísánlú?"
Kò dáhùn. Ó ti dọ̀bálẹ̀ sínú eruku,
ó ń wá ìdérí kékeré abẹ́ táǹkì,
ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú.

Bó ṣe ń ṣe é ni mo ṣe ń ṣe é.
Mo tú ìdérí ìsàlẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ síńkì, mo ṣí ti balùwẹ̀.
Bí o ò bá ṣí tòkè, tìsàlẹ̀ ò ní í dà tán:
omi náà fẹ́ mí kó tó lọ.
Mo ti pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ bọ ẹnu páìpù, mo ń fẹ́ ẹ,
ó wúkọ́, ó gùfẹ̀, ó tutọ́ sí mi lójú,
lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó mí kanlẹ̀.
Àdín ni mo fi pa rọ́bà ìdí ẹ̀rọ, kí ọyẹ́ má baà là á.
Mo da òróró díẹ̀ sí páìpù tó tẹ̀ bí ìwọ̀ lábẹ́ síńkì,
kí omi ibẹ̀ má gbẹ,
kí aáyán má gbabẹ̀ wá kí wa.

Mo bi í nígbà kan, mo rò pé mo ti gbọ́n:
"Bàbá, omi kì í di òkúta níhìn-ín. Kí lẹ ń bẹ̀rù?"
Ó nu orúnkún.
"Kì í ṣe omi púpọ̀ ló ń ba ilé jẹ́.
Ìwọ̀nba ife kan tó sá sí kọ́rọ̀ ni.
Mo gbàgbé ọ̀kan rí, nínú ilé tọkọtaya arúgbó kan.
Nígbà tí oòrùn padà, páìpù ti bẹ́, pákó ilẹ̀ ti jẹrà.
Wọn ò bá mi jà. Obìnrin náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kò burú.
Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni lẹ́tà dé pé ìyá rẹ ti lọ."
Kò fi kún un.
Mo gbé garawa, mo ń wá ibi tí n óò da omi sí.
Ta ni ìbá ṣí ẹ̀rọ tòkè fún un?
Ọyẹ́ dé nígbà náà, òye mi ò tíì dé.

Lónìí, Ìyá Ọmọ́níwá gbé ike wá, kànga wọn ti fà.
"Ṣé eléyìí ṣeé mu?"
"Ó ń rùn táǹkì. Ẹ fi fọ aṣọ."
Mo fi ìyókù bomi rin igi kọfí méjì tí bàbá gbìn.
Ọ̀kan ti kú. Mo bomi rin òun náà.

Mo fi gbogbo ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ṣíṣí, bó ṣe kọ́ mi.
Mo ti ilẹ̀kùn. Mo jẹun. Mo sùn.

Lóru, mo gbọ́ ọ níbi kan:
tó.
Ó pẹ́ díẹ̀.
Tó.

Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo jáde,
mo tún dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.