Ègé Mẹ́ta Lálẹ́

Aago mẹ́wàá ààbọ̀. Àwọn ọmọ ti sùn,
abọ́ ṣì wà nínú omi.
Ìwé nọ́ọ̀sì là sílẹ̀ lórí tábìlì,
ojú ewé tí wọ́n ya kíndìnrín sí.
Mo pa á dé.
Mo fa àpò ìrẹsì tí mo kó àjákù aṣọ sí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ka owó olówó n'Ìbarà.
Lónìí, ọmọdébìnrin kan ń kọ́ mi
bí wọ́n ṣe ń wá iṣan lápá aláìsàn.
Ọwọ́ mi gbọ̀n.
Ó ní, "Màmá, ẹ rọra."

Ègé mẹ́ta péré, àdéhùn èmi àti ara mi nìyẹn.
Etí àdìrẹ tí Ìyá Fadérera fẹ́ dà nù n'Ìtòkú,
aró rẹ̀ ṣì ń ta sí mi léèékánná.
Yẹ́rì ìyá mi; mo gbóòórùn rẹ̀ kí n tó gé e.
Búláúsì báǹkì, aláwọ̀ eérú.
Ìyẹn, n kò ṣàánú rẹ̀ rárá,
àfìgbà tí mo gé e tán ni mo wò ó pẹ́.

Ọláṣebìkan yọjú láti yàrá:
"Ṣé kò sí búláńkẹ́ẹ̀tì nílé yìí ni?"
Ó wà.
N kò dá a lóhùn, òwú ló wà lẹ́nu mi.

Ọwọ́ tó gbọ̀n ní wọ́ọ̀dù láàárọ̀
ń tẹ̀lé ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ṣìnà.

Iná lọ. Mo tan fóònù,
mo rán ẹ̀kẹta pọ̀ kó tó kú.
Ọyẹ́ á ti dé, á ti lọ,
kí aṣọ yìí tó gùn dé ìpẹ̀kun bẹ́ẹ̀dì.
Kò burú.
Ó ti bo orúnkún mi.