Ilé Ohun Tó Fúyẹ́

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Òkùnkùn ṣì bo omi Humber.
Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ tírélà ní ọgbà ọkọ̀ kan nílùú Hull,
mò ń fi tọ́ọ̀ṣì ka ìgò: ọ̀kan, èjì, títí dé méje,
dúdú, gbọọrọ, lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó,
bí àwọn tó sùn sórí ẹní kan ṣoṣo.

Òwú ni wọ́n fi wé wọn. Òwú èédú,
ìlà lórí ìlà,
bí ìyá mi ṣe ń fi òwú dúdú kó irun Àwẹ̀ró
tí orí á fi máa ro ó mọ́jú.
"Ó ti fún jù, Ìyá."
"Jẹ́ ó fún. Èyí tí kò bá fún, òun ní í tú."

Nítorí kí ni gbogbo fífún yìí?
Nítorí ohun tí kò láwọ̀, tí kò rùn,
tó jẹ́ pé bó bá gbiná lọ́sàn-án, agbára káká lojú fi ń rí iná rẹ̀.
Sọ ọ́ sílẹ̀, ó ti gòkè lọ, kò dágbére.
Ogójì kílò péré la rù;
àpò tí a fi rù ú, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin.

Oxtoby dé, ife tíì lọ́wọ́.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì.
Ó fi egungun ìka kan ìgò: kó, kó.
"Bí kò bá rùn, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń jò?"
Mi ò dáhùn. Mo po ọṣẹ mọ́ omi,
mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí ọrùn ìgò karùn-ún.
A dúró. Atẹ́gùn òkun ń gé wa létí.
Ìhó kan yọ, kékeré bí ẹyin èèrà,
ó wú,
ó bẹ́.
Òmíràn tún yọ.

Mo tú ìmí ìgò náà sójú ọ̀run, mo pààrọ̀ rọ́bà róbótó.
Wákàtí méjì. Leeds ń pè, Leeds ń bínú.
Nígbà tí a tún rọ ọ́ kún, yìnyín hù sẹ́nu ọ̀pá.
Oxtoby lọ láìsí ariwo,
omi ń kán tó tó tó tẹ̀lé e lórí kọnkéré.

Ohùn ìyá mi wà nínú fóònù mi,
ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá.
Láti ìgbà òkú rẹ̀, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́.
Mo tún wò ó. Mo dá a padà sápò,
mo gbé ike ọṣẹ.
Tírélà kejì ti ń tàn iná sí mi.